Alùpùpù àlòkù wo ni kí n rà fún ìrìn-àjò jíjìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, Thamesmead ní gúúsù ìlà-oòrùn London ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọdún tó kọjá ni mo yege ìdánwò ìwé àṣẹ A, tó gbà mí láàyè láti gun alùpùpù tó wù mí. A fẹ́ lọ sí òkè Scotland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, lọ́dún tó tẹ̀lé e a ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Santander ní Spéènì. Gbogbo owó tí mo lè kó kalẹ̀ kò ju £3,500 lọ. Mo ti rí BMW R1150RT kan ti ọdún 2003. Máìlì 41,000 ló ti rìn, £2,900 ni ẹni tó ni ín ń pè é, ara rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Honda Deauville ni kí n rà, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára BMW náà. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Mo kí yín kú oríire ìwé àṣẹ tuntun náà, ẹ sì kú ìmúra ìrìn-àjò. Kí n tó dá ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì sílẹ̀ rárá, ibi tí ẹ ń gbé ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló lè sọ alùpùpù £2,900 di gbèsè ojoojúmọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni òfin ULEZ, tí wọ́n fi ń dín èéfín olóró kù, ti bo gbogbo London pátápátá, Thamesmead sì wà nínú rẹ̀. Alùpùpù tí èéfín rẹ̀ kò bá bá òṣùwọ̀n Euro 3 mu yóò máa san £12.50 ní gbogbo ọjọ́ tó bá ti fẹsẹ̀ kan títì. Òru sí òru ni wọ́n sì ń ka ọjọ́ náà, débi pé ẹni tó jáde lálẹ́ tó padà wálé lẹ́yìn aago méjìlá òru ti jẹ owó ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, £50 ti lọ nìyẹn kí ẹ tó ra epo. Àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù Keje ọdún 2007 ló sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ owó yìí. Díẹ̀ lára àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ń bọ́, nítorí náà ẹ má fi ọdún nìkan ṣe ìdájọ́. Ẹ béèrè nọ́mbà BMW náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó Transport for London lálẹ́ òní. Bí wọ́n bá ní yóò máa san owó, ẹ má wulẹ̀ rìn lọ wò ó.

Bí wọ́n bá ní kò ní san, ọ̀rọ̀ ṣì kù. R1150RT kì í ṣe alùpùpù burúkú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ìjókòó rẹ̀ tura, táńkì rẹ̀ ń gba epo bíi lítà 25, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Bírékì rẹ̀ ló ń kó ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sí wàhálà. Nígbà tí BMW ń ṣe é, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí iná bátìrì ń yí sínú ètò ABS rẹ̀, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà tì pa nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì, kí ó lè máa ran ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́. Tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ iná tí ẹ sì fọwọ́ kan bírékì, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà tó ń kùn bí oyin. Bí ó bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, bírékì ṣì wà, ṣùgbọ́n agbára tó kù kò tó nǹkan. Ẹ ó ní láti fi gbogbo okun ọwọ́ fún un, lórí alùpùpù tó súnmọ́ 280 kílò, pẹ̀lú ìyàwó yín lẹ́yìn àti ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tuntun ẹ̀rọ yìí wọ́n débi pé kò bọ́gbọ́n mu láti rà á fún alùpùpù tó ti lé ní ogún ọdún. Ohun tó ń mú kí ó pẹ́ láyé ni kí wọ́n máa pààrọ̀ omi bírékì inú rẹ̀ lọ́dọọdún, iṣẹ́ náà sì ń gba àkókò nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tú táńkì epo kúrò kí ọwọ́ tó lè débẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn tó rà á ní owó pọ́ọ́kú máa ń fò. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á kò bá ní rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ka bírékì náà sí ohun tó ti bàjẹ́, kí ẹ sì dúnàándúrà bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi ni pé alùpùpù olówó ńlá kì í gbàgbé iye tí wọ́n kọ́kọ́ fi rà á. Ó lè ti já wálẹ̀ títí yóò fi jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ ó san, ṣùgbọ́n ohun èlò tí ẹ ó máa fi pààrọ̀ sí i lára ṣì wà ní iye ti ọlọ́lá. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà kí ẹ ná ju £2,600 lórí rírà fúnra rẹ̀. £900 tó kù ti ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Táyà méjì àti owó ẹni tó máa wọ̀ wọ́n lè gba nǹkan bí £250 sí £300. Ọ́ìlì, fílítà, plọ́ọ̀gì àti omi bírékì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun kí ẹ tó kọrí sí Scotland, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún yín sọ. Bátìrì lè kú, London sì kún fún olè alùpùpù, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí ẹ kò ní ra ṣéènì àti àgádágodo tó nípọn. Owó adójútòfò pẹ̀lú wà níbẹ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀ lórí nọ́mbà alùpùpù náà gan-an kí ẹ tó san owó sílẹ̀, nítorí ìwé àṣẹ yín kò tíì pẹ́.

Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé máìlì 41,000 ló ti rìn, mo sì rò pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín díẹ̀. Kò yẹ kí ó bà yín. Ẹ́ńjìnì alùpùpù ìrìn-àjò tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa lè kọjá máìlì 100,000. Honda ST1100, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1990 títí di nǹkan bí ọdún 2002, ni mo mọ̀ jù fún èyí, ì bá sì jẹ́ òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín bí kò bá sí ti ULEZ. Ìdúró sójú kan ni kí ẹ bẹ̀rù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, mo ra alùpùpù kan tó rin máìlì 7,000 péré, tó ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́sàn-án. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Láàárín oṣù méjì, síìlì ṣọ́kì iwájú ti gbẹ ó sì ń jò, nọ́sù epo ti dí, inú táńkì ti dógùn-ún, táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ bí tuntun sì ti le bí igi. Iye tí mo fi tún un ṣe ju iye tí mo fi rà á lọ. Bí ẹ bá fi méjì síwájú mi lónìí, ọ̀kan rin máìlì 48,000 tí rìsíìtì iṣẹ́ rẹ̀ pé lọ́dọọdún, èkejì rin máìlì 9,000 tí kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé ibi tó wà láti ọdún 2014, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ yín tó dárúkọ Deauville gba yín nímọ̀ràn tó dára, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́, NT650V, jáde ní ọdún 1998, kábúrétọ̀ ló sì ń lò, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ULEZ mú un. Èyí tí mo fẹ́ fún yín ni NT700V tó jáde ní ọdún 2006, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 680cc tó sì ń fi nọ́sù fọ́n epo. Ẹ wá èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2007 tàbí lẹ́yìn náà, kí ó sì ní ABS. Ṣáàfù ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin tó wà ní ìpamọ́ dípò ṣéènì, nítorí náà kò sí pé ẹ ń da ọ́ìlì sí ṣéènì nínú òjò Scotland lálaalẹ́. Àpótí ẹrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ara alùpùpù náà láti ilé-iṣẹ́ wá, ẹ kò ní ra òmíràn. Epo inú táńkì rẹ̀, tó jẹ́ bíi lítà 19.7, yóò gbé yín kọjá máìlì 200. Kò yára bíi BMW náà, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà kọjá ọkọ̀ ẹrù lórí òkè pẹ̀lú ẹni méjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Suzuki V-Strom 650 ti ọdún 2007 sókè náà dára, táńkì rẹ̀ gba lítà 22, àmọ́ ṣéènì ló ń lò, ìjókòó rẹ̀ ga, ẹ ó sì fi owó ra àpótí ẹrù. Bí ẹsẹ̀ yín bá gùn, ẹ wò ó pẹ̀lú.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ lo nọ́mbà alùpùpù náà láti wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin béèrè, lórí ojú òpó ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí iye máìlì tó wà lórí rẹ̀ ní àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, àti gbogbo ìkìlọ̀ tí olùyẹ̀wò kọ sílẹ̀. Bí ìkìlọ̀ kan náà nípa bírékì tàbí bẹ́ríìnì bá ń padà wá lọ́dún mẹ́ta léraléra, ẹ ti mọ irú ẹni tó ni ín nìyẹn. Ẹ san owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá wọ́n jí i, bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, àti bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí lẹ́yìn ìjàǹbá, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà S tàbí N sàmì sí láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ìwé V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni alùpùpù, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn, nítorí náà ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé náà ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì fi nọ́mbà ara férémù wé ti inú ìwé. Owó orí ọkọ̀ tí ẹni tó tà á ti san kò ní bá a dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbọ́dọ̀ san tiyín kí ẹ tó gùn ún lọ sílé. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtajà ni ẹ ti rà á, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà bí àbùkù bá wà lára rẹ̀. Lọ́wọ́ aládàáni, ààbò yín kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí òjò má sì rọ̀, nítorí omi máa ń bo ọ̀pọ̀ àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ ẹni náà kí ó má tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì náà bí ẹ bá ti dé: bí ó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí, nítorí àárọ̀ kùtù ni ẹ́ńjìnì tó ní àìsàn máa ń jẹ́wọ́. Ẹ mú mítà iná kékeré dání. Kí ẹ tó tan án, bátìrì yẹ kí ó fún yín ní nǹkan bíi fólítì 12.6. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì yí háńdù epo díẹ̀ kí ó yára sí i, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nǹkan tó ń kó iná sí bátìrì ti ń kú lọ, ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò sì já yín sí. Ẹ gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ ìdúró ńlá, kí ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì lọ mì bọ̀, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti jẹ. Lára BMW yìí pàápàá, ẹ wo àpótí gíà ẹ̀yìn bóyá ọ́ìlì ń sun jáde níbẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí háńdù jẹ́jẹ́ láti apá òsì sí ọ̀tún: bí ó bá kọ́ lẹ́ẹ̀kan ní àárín, bẹ́ríìnì ọrùn rẹ̀ ti tán. Ẹ ka nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, táyà náà sì ti dàgbà, bí ojú rẹ̀ ṣe wù kí ó jinlẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù níbí máa ń jẹ sálẹ́ńsà àti ìdí ṣọ́kì ẹ̀yìn níbi tí àwọn onífọ́tò ìpolówó kì í yà. Ìdán gbinrin tí ẹ rí kò sọ ohunkóhun nípa ibẹ̀.

Ẹ mú ìyàwó yín dání, mo bẹ̀ yín. Kí ó jókòó lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tó yẹ, kí ó sọ bóyá orúnkún rẹ̀ ká jù. Láti London dé Inverness jẹ́ nǹkan bíi máìlì 570, òun ni yóò sì jókòó síbẹ̀ láì ní háńdù tí yóò dì mú. Bí ó bá ní ìjókòó Deauville kò rọ òun lọ́rùn, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ wo V-Strom lọ́jọ́ kejì.

Ní ti BMW yẹn, bí Transport for London bá dá a láre, tí rìsíìtì omi bírékì ọdọọdún sì wà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò mì, ẹ fún un ní £2,400, kí ẹ má sì kọjá £2,600. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí ẹ máa bọ̀. NT700V kò wọ́n lọ́jà, ó sì ṣì ku oṣù púpọ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.