Ìjàpá Bàbá Mi Ò Gbiná, Ṣé Kábúrẹ́tọ̀ Ni Kí N Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Volkswagen ìjàpá kan wà nílé wa ní Ṣómólú, ti 1978, bàbá mi ló ni ín. Látìgbà tí wọ́n ti kú kò sẹ́ni tó wà á mọ́, ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Mo ra bátìrì tuntun sí i, sitátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, àmọ́ kò gbiná. Mẹkáníìkì tí mo pè ò tiẹ̀ tú nǹkan kan tó fi sọ pé kábúrẹ́tọ̀ ti kú, kí n lọ ra òmíì ní Ládípọ̀. Owó yẹn ò kéré lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Bàbá Ìjàpá, Ṣómólú.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Kábúrẹ́tọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, má tíì ra ìkankan o! Ẹni tí ò tú plọ́ọ̀gì (ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) ẹyọ kan wò, báwo ló ṣe mọ̀ pé kábúrẹ́tọ̀ ló kú? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí kábúrẹ́tọ̀ Solex tó wà lórí ọkọ̀ bàbá yẹn, tó bá jẹ́ èyí tó bá a jáde ni, ó sàn ju ọ̀pọ̀ ayédèrú tí wọ́n máa tà fún ẹ lọ, tóo bá sì ti jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ò béèrè ju kí iná wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì, kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, kí sílíńdà sì lè fún un mọ́ra. Tó bá ń yí tí ò gbiná, ọ̀kan nínú wọn ni ò sí, ẹ jẹ́ ká wá èyí tí ò sí.

Iná ni kóo kọ́kọ́ wò torí ìyẹn ò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Tú plọ́ọ̀gì kan, wo ẹnu ẹ̀. Tó bá gbẹ táútáú, epo ò dé ibẹ̀. Tó bá tutù tó ń rùn epo, epo ń wọlé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iná ni ò sí tàbí pé epo ti pọ̀ jù. Wá ki plọ́ọ̀gì yẹn padà sẹ́nu wáyà ẹ̀, gbé ara irin ẹ̀ lé irin ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí kábúrẹ́tọ̀ àti sí ihò tóo ti tú u, kí ẹnì kan wá bá ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, ojú á ríran. Iná gidi máa ń dà bíi búlúù, wàá tiẹ̀ gbọ́ ọ tó ń ta tá-tá-tá. Tó bá pọ́n, tó tín-ín-rín, tàbí tí ò wá rárá, fi kábúrẹ́tọ̀ sílẹ̀, ṣí ọmọrí dísítíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Oṣù mẹ́sàn-án láìṣiṣẹ́ nínú ọ̀rinrin Èkó yìí, ojú kọ́ntáàtì, irin méjì tó ń pàdé tó sì ń ṣí níbẹ̀, á ti dípẹtà. Fi sáńpépà tó kúnná pa á díẹ̀, fi aṣọ tó mọ́ nù ún, kóo wá wọn àlàfo ẹ̀ nígbà tó bá ṣí dé ìdí, 0.4 mm ni. Abẹ ayùn irin tí wọ́n máa ń kì bọ ibẹ̀ yẹn ti nípọn jù, ó tó bíi 0.6 mm, àlàfo plọ́ọ̀gì lèyí tọ́ sí. Wo kọndẹ́ńsà náà o, agolo kékeré tó wà lára dísítíríbútọ̀. Wọ́n gbé ìjàpá kan wá bá mi ní Yaba nígbà kan, kábúrẹ́tọ̀ méjì ni wọ́n ti rà sí i, gbogbo ara obìnrin tó ni ín ti bu máṣọ, kọndẹ́ńsà tí ò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ ló ń ṣe é. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn.

Tí iná bá wà, ó wá ku epo. Pa kọ́kọ́rọ́, yọ fítà orí kábúrẹ́tọ̀, fi ìka ṣí abala pẹlẹbẹ tó bo ọ̀fun ẹ̀, ìyẹn ṣókì, tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kóo wá fa wáyà asẹlẹréétọ̀. Ó yẹ kí epo tín-ín-rín kan ta fíín wọnú ọ̀fun yẹn, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ta omi ẹnu abẹ́rẹ́ síta. Tó bá ta, epo wà nínú ẹ̀. Tí ò bá ta, iwájú ni táńkì wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, ọ̀nà yẹn jìn, fi sitátà yí i fún bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá, sinmi ìṣẹ́jú kan, ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fa epo inú táńkì jáde, kóo bu tuntun sí i o, epo oṣù mẹ́sàn-án á ti máa rùn bí ọ̀dà, òun ló máa ń gan bíi gọ́ọ̀mù mọ́ ihò jẹ́ẹ̀tì, ibi tóóró tí epo ń gbà nínú kábúrẹ́tọ̀. Bó bá gan, fífọ̀ ni, kí wọ́n fi kíìtì tuntun (àwọn wásà àti rọ́bà kéékèèké inú ẹ̀) sí i, kí wọ́n fẹ́ ẹ, àmọ́ kí wọ́n má ki wáyà bọ jẹ́ẹ̀tì torí ihò ẹ̀ á fẹ̀, á sì máa jẹ epo. Tó bá jẹ́ pé epo ló pọ̀ jù, fi ẹsẹ̀ tẹ asẹlẹréétọ̀ mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, má fún un ní ìtẹ̀-ìtẹ̀, kóo yí kọ́kọ́rọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bu epo sí ọ̀fun kábúrẹ́tọ̀ kó ní kóo stáàtì í. Wọ́n ń ṣe é kiri, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá bú padà, ojú ẹni tó tẹ̀ba lé e ni iná á kọ́kọ́ bọ́ sí. Bátìrì náà, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, tí sípíríǹgì ìjókòó bá kan orí ẹ̀ iná lè mú fóòmù, fi rọ́bà bò ó dáadáa.

Tó bá gbiná, má tíì gbé e jáde sí títì. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ọ́ọ̀sì epo láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá èyí tó wà lẹ́bàá kábúrẹ́tọ̀, èyíkéyìí tó bá ti sán tàbí tó rin, pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.