Ẹ BI WÁ: Típà àti katapílà tí wọn ò ṣe ìkejì wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo rí àwòrán típà aláwọ̀ ewé kan ní Kánádà. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni? — Òǹkàwé láti Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ó ṣiṣẹ́ o, ó sì lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu ẹ̀. Terex 33-19 Titan lorúkọ rẹ̀. General Motors ló ṣe é ní London ti Ontario (kì í ṣe London ìlú Ọba), wọ́n sì gbé e jáde fáyé rí ní Las Vegas lọ́dún 1974. Ibi ìwakùsà irin ti Eagle Mountain ní California ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní 1978, wọ́n gbé e lọ sí Sparwood ní British Columbia, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ọdún 1991 ni wọ́n tó fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ìlú náà ló sì dúró sí dòní.

Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni wọ́n kì sínú rẹ̀: sìlíńdà 16, agbára ẹṣin 3,300. Sìlíńdà kan ṣoṣo gba lítà mẹ́wàá àbọ̀, bẹ́ẹ̀ lítà méjì ni gbogbo ẹ́ńjìnnì ayọ́kẹ́lẹ́ ẹlòmíràn lápapọ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í yí táyà fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, iná tó bá sì jáde á lọ sínú mọ́tò oníná mẹ́rin tó wà lẹ́yìn. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, àwọn mọ́tò yẹn á di jẹnẹrétọ̀, wọ́n á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á sì sọ agbára yẹn di ooru tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí bíréèkì tètè jó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táyà ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Mẹ́wàá ló ní, bíi típà tó ń kó yanrìn lọ́dọ̀ wa: méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Òfìfo ọkọ̀ wọn tọ́ọ̀nù 231, ẹrù rẹ̀ 317. Ẹ rò ó pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́wàá, táyà kọ̀ọ̀kan ń ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 55. Táyà ìgbà náà ò lè ru púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Ooru inú ló ń pa táyà ńlá, kì í ṣe ìṣó: bí ẹrù bá wúwo tí ọ̀nà sì jìn, rọ́bà á gbóná láti inú, ìpele rẹ̀ á sì máa ṣí kúrò lára ara wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Caterpillar gbé típà 797 jáde ní 1998, táyà mẹ́fà péré ló fi gbé ẹrù tó ju ti Titan lọ díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ru ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 90. Táyà ló dàgbà láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ tó ń bu òkúta sí i. Bí garawa rẹ̀ bá ń gbé tọ́ọ̀nù 25, ìbù 13 ni Titan máa fi kún. Tí ìbù kan bá gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀ ló fi dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tò. Ìbù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àwọn awakùsà ń fẹ́. Bó bá sì bàjẹ́, tọ́ọ̀nù 317 dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní típà méjì tó kéré ṣì máa rí ọ̀kan lò. Nígbà tí ọjà èédú tún dẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ìkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, katapílà wo ló tóbi jù láyé? — Òǹkàwé láti Ẹdẹ

ÌDÁHÙN: Èyí tí ilé-iṣẹ́ Umberto Acco ṣe ní Portogruaro, ní Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ó wọn tọ́ọ̀nù 183. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ ẹṣin 1,300, bíléèdì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mítà 7. Líbíà ni wọ́n ṣe é fún. Ìfòfinde òwò pẹ̀lú Líbíà dé kí wọ́n tó gbé e sọ́kọ̀ ojú omi, ó sì di ẹrù ilé fún ẹni tó ṣe é. Ti èyí kì í ṣe ẹjọ́ irin rárá.

ÌBÉÈRÈ: Katapílà Komatsu D575A ńkọ́? Ṣé ẹyọ kan lòun náà? — Òǹkàwé kan náà

ÌDÁHÙN: Rárá. Wọ́n fi àdánwò rẹ̀ hàn ní 1981, àmọ́ 1991 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Nínú àwọn katapílà tí wọ́n ti ṣe fún títà, òun ló tóbi jù, àmọ́ wọn ò ṣe é mọ́.