Ẹja mi ti di ọmọ onílẹ̀ nínú táǹkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, bọ̀dá ẹlẹ́ja. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, a ní táǹkì omi iyọ̀ kan ní pálọ̀, lítà 120, clownfish méjì àti edé kékeré kan ló wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù tó kọjá mo ra ẹja kan kún un, iwájú ẹ̀ elésè-àlùkò, ẹ̀yìn ẹ̀ yẹ́lò, ó rẹwà gan-an, wọ́n ní royal gramma ni, pé oníwà tútù ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ihò òkúta ló wà, kò dá sí ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, tí clownfish bá ti sún mọ́ òkúta yẹn lásán ló máa já jáde sí wọn, ìrù ọ̀kan ti ya, edé yẹn náà mi ò rí i láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé wọ́n á mọwọ́ ara wọn. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde lọ wo ẹja yẹn fún mi, ẹ wo ibi tí elésè-àlùkò ti pàdé yẹ́lò. Ṣé ó gún gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fa ìlà ni, àbí ó ń wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí aró tó ṣàn lára àdìrẹ? Ẹ wo lẹ́bẹ́ tó wà lókè ẹ̀yìn ẹ̀ náà, ṣé àmì dúdú kan wà níwájú ibẹ̀? Royal gramma gidi ní àmì yẹn, àwọ̀ ẹ̀ sì máa ń dàlú láàárín. Tó bá jẹ́ pé ìlà gígún lẹ rí, tí lẹ́bẹ́ ẹ̀ sì mọ́ gaara bíi láílọ́ọ̀nù, royal dottyback, ẹja mìíràn tó jọ ọ́, ni wọ́n tà fún yín, àfi kẹ́ ẹ ní sùúrù.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o, èmi náà ti ra á rí, mo pè é ní gramma fún odidi oṣù méjì, ó lé ẹja mi kan títí ìyẹn fi fò jáde kúrò nínú táǹkì, orí káápẹ́ẹ̀tì ni mo ti bá a láàárọ̀. (Látìgbà yẹn ni nẹ́ẹ̀tì ti wà lórí táǹkì mi, ẹ̀yin náà ẹ wá nǹkan bò ó.) Wọn ò tiẹ̀ bára tan. Karibíà ni gramma ti wá, Felipe Poey ọmọ Kúbà ló fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ lọ́dún 1868, apá Indonéṣíà sì ni ti dottyback.

Gramma náà máa ń ṣọ́ ihò ẹ̀, àmọ́ ẹnu ló sábà máa ń yà gbàgà láti fi dẹ́rù bani, ìyẹn náà ti tó. Dottyback ò ní yanu, ó máa bunijẹ ni. Nínú òkun, ihò yẹn ni ẹ̀mí ẹ̀, torí náà ó gbọ́dọ̀ lé ẹni tó bá dé ibẹ̀, ẹni tó lé á sá lọ, ọ̀rọ̀ parí. Nínú lítà 120, ibo ni clownfish yín fẹ́ sá lọ? Ẹ sọ fún ọkọ yín pé wọn ò ní mọwọ́ ara wọn.

Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì lé e kiri, ẹ máa da gbogbo táǹkì rú ni, ẹ ò sì ní mú un. Ẹ mú ike omi kan, ẹ gé ọrùn ẹ̀, ẹ yí ọrùn yẹn sínú bíi ìgèrè àwọn apẹja, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá gbé e sí ẹnu ihò ẹ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ebi ló máa mú un wọlé. Tó bá ti kó sí i, ẹ fi sínú àpótí oníke tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì fún bí ọjọ́ márùn-ún, ẹ sì tún gbogbo òkúta yẹn tò, kí ihò àtijọ́ má sí mọ́. Tó bá padà wọlé, òun náà ti di àlejò. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ má wojú ẹ̀.

Ní ti edé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń pààrọ̀ èèpo ara ni, tó bá ti bọ́ ọ tán ó máa ń sá pamọ́ títí èèpo tuntun á fi le. Àmọ́ dottyback máa ń jẹ edé kéékèèké o, mi ò ní tàn yín.

ÌBÉÈRÈ: Omi táǹkì mi máa ń dínkù lójoojúmọ́, mo sì ń po omi iyọ̀ kún un, àmọ́ àwọn ẹja ń mí hẹlẹhẹlẹ. – Lẹ́kkì

ÌDÁHÙN: Ẹ dáwọ́ dúró kíákíá! Tí ọbẹ̀ bá fà lórí iná, ṣé iyọ̀ lẹ tún máa ń bù sí i? Omi nìkan ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ ò kúrò. Omi RO (omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́) tí ò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi kún un, kì í ṣe omi bọhòòlù. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi wọn ún, 1.025 là ń wá. Tó bá ti gun 1.030, ẹ rọra mú un wálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.