Fọ́tò inú Sea King tí kò bára mu: èwo ni ká tẹ̀ lé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sea King HAR.3, hẹlikópítà tí RAF (àwọn ọmọ ogun òfurufú Britain) fi ń dóòlà ẹ̀mí tẹ́lẹ̀, èyí aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ni mò ń tò àwòṣe oníke rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìwọ̀n 1/48. Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí èèyàn lè máa rí inú, àmọ́ ohun tó wà nínú kíìtì kò ju ìjókòó mélòó kan àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Mo ti kó fọ́tò bí ọgọ́ta jọ, wọn ò sì bára wọn mu. Ìjókòó yàtọ̀, àwọ̀ ògiri yàtọ̀, fèrèsé pàápàá ò dọ́gba. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọnà o. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú gbogbo ọgọ́ta fọ́tò yẹn. Kì í kàn ṣe bàálù kan náà ni wọ́n yà. Orúkọ ìdílé ni Sea King, ọmọ ilé náà sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ Westland ní Yeovil, ní England, gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Sikorsky ti Amẹ́ríkà, ó sì ṣe oríṣiríṣi rẹ̀: HAS.5 ṣọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, HC.4 kó sójà, HU.5 jẹ́ HAS.5 tí àwọn ọmọ ogun ojú omi sọ di ti ìdóòlà, HAR.3 ni ti RAF. Jámánì, Nọ́wè àti Bẹ́ljíọ̀m náà ní tiwọn tí wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí. Ẹni tó bá kọ "Sea King rescue" sórí Google, gbogbo wọn ló máa dà sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo inú, ẹ wo ìdí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí apá ìrù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ti HAR.3 bẹ̀rẹ̀ láti XZ585 dé XZ599, lẹ́yìn náà ni ZA105, lẹ́yìn rẹ̀ ni ZE368 sí ZE370. Bí ẹ bá rí ZH540 sí ZH545, HAR.3A nìyẹn, èyí tó dé ní àwọn ọdún 1990, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ tiyín, torí ohun èèlò inú kọ́kípíìtì rẹ̀, ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, yàtọ̀. Lóde, yẹ́lò kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

Ẹ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú ọdún kan ṣoṣo. Ọdún yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láti 1978 títí di 2015 ni HAR.3 fi ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́tàdínlógójì. Láàárín ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n fi ń ríran lóru ti dé, iná kọ́kípíìtì ti yí padà, ohun èèlò ìtọ́jú aláìsàn náà ti yí padà. Bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà àti ọdún náà sórí ìwé, ẹ pín fọ́tò yín sí òkìtì mẹ́ta: bàálù yín gan-an, HAR.3 mìíràn tó súnmọ́ ọdún yín, àti ìyókù. Òkìtì kẹta yẹn, ẹ kó o kúrò lórí tábìlì kó má baà máa wù yín.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oníbàárà kan gbé HAR.3 fún mi ṣe nígbà kan. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀kalẹ̀ lórí okùn láti inú irú bàálù bẹ́ẹ̀. Mo lo fọ́tò inú HU.5 kan fún apá ẹ̀yìn, kìkì nítorí pé fọ́tò náà mọ́ kedere ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tó wá gbà á, kò tilẹ̀ wo kọ́kípíìtì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Ó tẹ̀ ba, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta ló ni eléyìí? Tiwa kọ́." Mo tú u, mo tún un tò.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńkọ́? XZ585 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní London, ẹ sì lè jàǹfààní rẹ̀ púpọ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi í. Nígbà tí bàálù ológun bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á yọ rédíò, wọ́n á yọ ohunkóhun tí bàálù mìíràn ṣì lè lò, wọ́n á sì yọ gbogbo ohun tó lè bú gbàù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lè má ju ojú ibi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀ lọ: irin ìkọ́ tí kò kọ́ nǹkan kan, wáyà tí wọ́n fi téèpù wé ẹnu rẹ̀. Ẹ ya irú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá lọ wá fọ́tò ìgbà iṣẹ́ tó fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn. Bí nǹkan ṣe rí, bó ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ògiri, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ò ní purọ́ fún yín lórí ìyẹn. Bó bá di ẹrù inú bàálù, ẹ má gbà á gbọ́ láìní ẹlẹ́rìí kejì.

Fọ́tò tó dára jù lọ ni èyí tí ayàwòrán ò tilẹ̀ ro ti bàálù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi ló ń yà, ògiri wá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìmọ̀. Bákan náà ni fọ́tò àwọn oníròyìn. Láàárín 2010 sí 2013, Ọmọọba William wa Sea King láti RAF Valley ní Wales, àwọn oníròyìn ò sì jẹ́ kó sinmi, nítorí náà fọ́tò tó ní ọjọ́ lórí pọ̀ fún àkókò yẹn. (Bí ẹ ò bá tíì mú ọdún, ìdí kan nìyẹn láti mú ọ̀kan níbẹ̀.) Ẹ ṣọ́ra o: ọjọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Ìwé Aircrew Manual ti àwọn awakọ̀ wúlò fún kọ́kípíìtì, torí ó ya ojú pátákó ohun èèlò, ó sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lo agbára yín sí. Èèyàn mẹ́rin ló máa ń ṣiṣẹ́ nínú HAR.3 nígbà náà: awakọ̀ méjì, ẹni tó ń wo rédà, àti ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí okùn. Bí wọ́n bá dé ojú iṣẹ́, ẹni tó ń wo rédà á kúrò nídìí rẹ̀, á wá máa darí wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń fa okùn sókè sódò, lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀tún. Awakọ̀ ò rí ìsàlẹ̀ bàálù rárá. Ohùn ọkùnrin ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni ojú rẹ̀. Ọ̀pá ìdarí kékeré kan sì wà nítòsí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ lè fi sún bàálù díẹ̀díẹ̀ síwájú, sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá dúró lójú kan lófurufú. Mi ò tíì rí i nínú kíìtì kan rí. Ẹni tó bá ti wà nínú bàálù náà rí, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá nìyẹn.

Etí ilẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹ wò ó dáadáa. Bàtà àti pẹpẹ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ti fá ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin fi yọjú, àmọ́ àárín ló ti fá jù, kò fá bẹ́ẹ̀ ní igun méjèèjì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi fẹ́lẹ́ ọ̀dà fàdákà nu gbogbo etí náà dọ́gba, á wá dà bíi ṣíbí.

Ti ìdíwọ̀n rọrùn. Kíìtì fúnra rẹ̀ lè ṣi ìwọ̀n, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: abẹ́bẹ̀ òkè Sea King fẹ̀ tó mítà 18.9 láti etí dé etí, ó yẹ kí ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 39.4 lórí tábìlì yín. Bó bá pé, ẹ fi rúlà wọn ojú ilẹ̀kùn lára kíìtì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 48. Ẹnu ọ̀nà náà ti di rúlà nìyẹn nínú gbogbo fọ́tò tó bá ti hàn, fún ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Ohun tó bá jìnnà sínú yóò hàn ní kékeré ju bó ṣe jẹ́ lọ, ẹ má fi rúlà yìí wọn ìyẹn. Bẹ́líìtì ìjókòó tó bá fẹ̀ ní mílímítà 48 di mílímítà 1 péré.

Àwọ̀ ògiri tó ń dà yín láàmú, iná ló ń ṣe é. Iná ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè sọ àwọ̀ eérú di àwọ̀ ewé. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ wá nǹkan funfun, ìwé tàbí báńdéèjì. Bí funfun náà bá pọ́n, gbogbo àwọ̀ tó kù náà ti pọ́n díẹ̀, kí ẹ yọ ìyẹn kúrò lójú yín. Aṣọ onítìmùtìmù tó bo ògiri láti dín ariwo kù, mo máa ń fi bíírò fa ìlà lórí fọ́ìlì tí mo tẹ́ sórí rọ́bà. Ó ń wú bí aṣọ gan-an.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi téèpù so apá ọ̀tún àti apá òsì ara bàálù pọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wọ ẹnu ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ ò bá rí níbẹ̀, ẹ má ṣe é. Kí ẹ sì ju okùn wíǹṣì tó wà nínú kíìtì nù. Okùn gidi ò ju bíi mílímítà 5 lọ ní ìbú. Ní ìwọ̀n tiyín, mílímítà 0.1 ni, kò ju irun orí kan lọ.