Èsì: Ṣé kí n gba ẹni kejì táá máa yẹ àdìrẹ wò?

Àǹtí, ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni. Ẹ ní aṣọ tó ń bàjẹ́ ti pọ̀ jù, àmọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó ti gbẹ tán kàn máa bá àbàwọ́n níbẹ̀ ni, owó tẹ́rù, ìyẹn aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀ ń rẹ, àti owó aró ti lọ nìyẹn.

Kí oníkálukú yẹ iṣẹ́ tó gbà wò kó tó fọwọ́ kàn án, kí ẹni tó ń rẹ aṣọ má gba èyí tí àbẹ́là tẹ́ ẹ fi bo ibi tí aró ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ti sán káàkiri.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rí àṣìṣe, títí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kó lè dá iṣẹ́ dúró. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Sakichi Toyoda, ará Japan, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó máa ń dúró fúnra ẹ̀ tí òwú bá já, kó má baà máa hun ìbàjẹ́ lọ, ara ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Toyota tó ń ṣe mọ́tò ti mú àṣà tiwọn pé kí òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe dá iṣẹ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá wá ń jágbe mọ́ ẹni tó ní kẹ́ ẹ dúró, kò sẹ́ni tó máa lanu mọ́.

Ti kọ́lọ̀ tẹ́ ẹ ní kò dọ́gba lára aṣọ yẹn, ṣé wọ́n ń fọ sítáàṣì ara tẹ́rù kúrò dáadáa kí wọ́n tó rẹ ẹ́? Aró kì í wọ ibi tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ dẹ̀ máa rẹ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ má baà bàjẹ́ pọ̀.

Gbogbo èyí, ẹni tó ń ṣe dísáìnì kan náà léraléra bíi tiyín n'Ítòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ló wà fún. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, sáńpù kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ.