Róòmù ní ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìnàjò o. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ fẹ́ fi wo Róòmù, pé màmá yín ń bọ̀ wá bá yín láti Ìbàdàn, pé orúnkún ń dùn wọ́n, ẹ sì to orúkọ ibi púpọ̀ sílẹ̀ bí òkìkí wọn ṣe tó. Èmi náà ti fa màmá mi lọ́wọ́ rin ìlú náà nínú ooru oṣù keje, ohun tí mo sì lè fi dá yín lójú ni pé òkìkí kọ́ ni ó yẹ kí ẹ fi ṣe ètò yín. Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ sì tẹ́ máàpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ní Róòmù, ọjọ́ tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà kan ni yóò sọ bóyá ẹ ó wọlé, àwọn ibi tí ó bá sì wà ní àdúgbò kan náà ni kí ẹ wò lọ́jọ́ kan náà.

Físà ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò, físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, pọn dandan, ìwé ìgbé Ìlú Ọba tí ẹ̀yin ní kò sì lè dípò rẹ̀. Ibi tí oníkálukú ń gbé ni yóò ti béèrè: ẹ̀yin ní Ìlú Ọba, màmá ní Nàìjíríà. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tí kò tó 15; ìdáhùn a máa gbà tó ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé 45. Ìwé adójútòfò yín gbọ́dọ̀ lè san owó ìtọ́jú tí ó tó 30,000 yúrò. Ẹ má ṣe san owó hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé gbà padà kí físà màmá tó jáde, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ má ṣe lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Fátíkánì, nítorí pé títì ni ó máa ń wà. Wọ́n a máa ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ di ọ̀sán ní Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, ṣùgbọ́n èrò ọjọ́ náà kì í ṣe ohun tí ẹ lè mú ẹni tí orúnkún ń dùn lọ bá. Bí màmá bá fẹ́ rí Póòpù, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ó máa ń pàdé àwọn èrò; ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé òwúrọ̀ Ọjọ́rú yìí kan náà kọ́ ni ẹ ó rí inú Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ wò. Àtẹ̀gùn 551 ni ó lọ sókè téńté òrùlé rìbìtì bàsílíkà náà, lífítì ibẹ̀ sì ń fi 320 sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí màmá jókòó sísàlẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ wà níta wọlé; ìró àti bùbá ti yanjú ìyẹn fún màmá. Ìrìn inú mùsíọ́ọ̀mù náà gùn gan-an kí ènìyàn tó dé ilé àdúrà Sistine, níbi tí Michelangelo ti ya àjà ilé láti 1508 sí 1512. Ẹ béèrè fún àga onítáyà láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ̀.

Ti Colosseum, pápá ìwòran àtijọ́ tí Késárì Vespasian bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ Titus sì ṣí ní ọdún 80, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orúkọ ẹni àti wákàtí lára, nítorí náà ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Wákàtí àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni kí ẹ rà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni ẹ ó fi wọ Foro Romano, àwókù gbàgede Róòmù àtijọ́, níbi tí òkúta títì àtijọ́ ti rí gbágungbàgun, tí àlàfo àárín wọn lè gbé gìgísẹ̀ bàtà mì, tí ibòji kò sì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti rẹ màmá mi jù.

Láti ibẹ̀, ẹ rìn díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Clemente, tí ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà kọjá lẹ́bàá rẹ̀ tí wọn kì í yà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Colosseum lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá wọ̀ jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìlá. Ní ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi to àwòrán àgbélébùú kan, àdàbà funfun 12 wà lára rẹ̀, ìtàkùn sì yọ láti ìdí rẹ̀ gba gbogbo ògiri. Màmá lè jókòó máa wò ó nígbà tí ẹ̀yin bá sọ̀ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kẹrin tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn ilé ọ̀rúndún kìíní àti ojúbọ òrìṣà Mithras, níbi tí ẹ ó ti máa gbọ́ ìró omi tí ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Ó máa ń tì fún ìgbà díẹ̀ lọ́sàn-án, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀.

Ọjọ́ kan tó fún tẹ́ńpìlì àtijọ́ Pantheon, gbàgede Piazza Navona àti orísun omi Trevi, nítorí pé wọn kò jìnnà síra. Pantheon ti Késárì Hadrian ní òrùlé tí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí òjò ń gbà wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ sì da gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sínú àwọn ihò kéékèèké. Ẹ má ra omi kiri. Ẹ̀rọ omi mímu ọ̀fẹ́ wà káàkiri ìgboro, ó sì tutù. Ẹ má sì jẹ́ kí màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna, nítorí pé owó ìtanràn wà lórí rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì 64 tí ń lọ sí Fátíkánì, iwájú àyà ni kí báàgì wà.

Ìlú Florence tí ẹ ní ẹ fẹ́ sáré lọ wò ní ọjọ́ kẹta kò jìnnà lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin a máa dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ màmá ni yóò sì san án. Ẹ yọ ọ́ kúrò.