Báwo ni ará Rọ́ṣíà ṣe ń sọ "kan" àti "náà"?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Rọ́ṣíà. Olùkọ́ wa ní kò sí "a" àti "the" níbẹ̀ rárá. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọkùnrin kan là ń sọ, tàbí ọkùnrin náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ẹ̀kọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ gbé Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Àwa náà kò ní "a" tàbí "the". Bí mo bá ní "mo ra ìwé lánàá," ọ̀rọ̀ mi pé, kò sẹ́ni tó máa ní mo gbàgbé nǹkan kan. Ìgbà tó bá yẹ la máa ń fi "kan" tàbí "náà" sí i. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Rọ́ṣíà náà rí, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń pe irú èyí ní àìtó. Ohun tí àwa ń fi "kan" àti "náà" ṣe, ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é.

"Malchik" ni ọmọkùnrin, "voshol" ni wọlé. "Malchik voshol": ọmọkùnrin náà wọlé, èyí tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ẹ yí i padà, "Voshol malchik": ọmọkùnrin kan wọlé. Ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ ló ń ṣíwájú, tuntun ló ń kẹ́yìn. Lẹ́nu tiwa, "wọlé ọmọkùnrin" kò lè dúró. Tiwọn dúró, nítorí ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ wọn ló sábà máa ń fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn yàtọ̀ sí ẹni tí a ṣe é sí.

Ẹ wo ìtàn apẹja àti ẹja tí Pushkin, akéwì Rọ́ṣíà, kọ ní 1833. "Zhil starik" ló fi bẹ̀rẹ̀: "zhil" ni gbé, "starik" ni bàbá arúgbó. Bàbá arúgbó kan wà tó ń gbé létí òkun. Nígbà tó fi máa di ìlà karùn-ún, a ti mọ bàbá yìí, "starik" bá bọ́ síwájú: "Starik lovil", bàbá náà ń pẹja. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, àyè rẹ̀ nìkan ló pààrọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn lè ṣe iṣẹ́ yìí. "Pismo prishlo" ni lẹ́tà náà dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ ohùn mọ́ "pismo", ó di pé lẹ́tà kan dé.

Wọ́n tún ní "odin", tó jẹ́ ọ̀kan, bí "kan" tiwa ṣe bá "ọ̀kan" tan. "Odin chelovek skazal mne": ẹnì kan báyìí sọ fún mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ onítọ̀hún, kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ ní ti ọ̀pọ̀, "odni", bí a ṣe ń sọ pé "àwọn kan". Ẹ má kàn máa fi sí gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní "a". "On vrach" ti tó fún "dókítà ni".

Ibi tó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ jù ni "-to" àti "-nibud", tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìbéèrè bíi "kto", ìyẹn "ta ni". "Kto-to zvonil": ẹnì kan pè. Ìpè ti wáyé, ẹni tó pè gan-an ni a kò mọ̀. "Pozvoni komu-nibud": pe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wà. Bí ẹ bá sì ń béèrè, "Kto-nibud zvonil?", ṣé ẹnì kankan pè? Ẹ fi "kan" àti "kankan" tiwa wọ̀n wọ́n, ẹ ò ní ṣìnà púpọ̀.

Ní ti oúnjẹ, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́: "day khleb" ni fún mi ní búrẹ́dì náà, "day khleba" ni fún mi ní búrẹ́dì díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti iye. "Desyat chelovek" ni ènìyàn mẹ́wàá géérégé. Ẹ gbé nọ́ńbà sẹ́yìn, "chelovek desyat", ó ti di bí ènìyàn mẹ́wàá.